Ẹ̀kọ mi yọ́ sínú aró: ṣé ìyẹ́ ni kí n kọ́kọ́ dojú kọ ni, àbí abẹ́rẹ́?

TíṣàÌṣirò (Ìbàdàn)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Tíṣà ni mí, ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ọdún kẹrìndínlógún rèé. Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn àwòrán yíyà. Ẹ̀yìn ìwé iṣẹ́ ilé mi kì í ṣófo: ojú ènìyàn, ewúrẹ́, ìkòkò lórí ààrò. Bàbá mi ní àwòrán kì í bọ́ni, mo gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu, mo pa á tì. Nígbà tí àbígbẹ̀yìn mi wọ yunifásítì lọ́dún tó kọjá, ilé wá dá páropáro lálẹ́. Mo bá mú pẹ́ńsùlù padà.

Orí ìwé ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Láràárọ̀ Sátidé, kí oòrùn tó mú, mo máa ń gun òkè Màpó lọ, n ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, n ó máa ya àwọn òpó gbàǹgbà iwájú gbọ̀ngán Màpó àti òrùlé páànù tó ti dógùn-ún nísàlẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ìyá àgbà kan tó ń kiri mọ́ínmọ́ín dúró lẹ́yìn mi, wọ́n wo ìwé mi, wọ́n ní, "Ìbàdàn dùn lò ń yà yẹn." Mo rò pé ìlú ni wọ́n ń yìn. Wọ́n ní rárá, aṣọ ni, ìyá àwọn ní ọ̀kan, òpó Màpó ló wà nínú rẹ̀, ṣíbí sì wà láàárín òpó sí òpó. Mo délé, mo wá àwòrán rẹ̀ rí, òótọ́ ni. Gbọ̀ngán tí wọ́n ṣí ní 1929, àwọn obìnrin aláró ti gbé e wọ inú àdìrẹ ẹlẹ́kọ, aṣọ tí a fi ẹ̀kọ láfún ya àwòrán sí kí a tó rẹ ẹ́ láró. Orí mi wú. Láti ọjọ́ náà, ìwé kò tó mi mọ́.

Mo ra tẹ́rù funfun yáàdì méjì, mo gé e sí mẹ́rin. Mo ra láfún, mo kù ú, mo rò ó lórí iná títí ó fi ki bí ẹ̀kọ mímu. Adìyẹ tí a pa nígbà ọdún Àjíǹde, mo ti fa ìyẹ́ apá rẹ̀ pamọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lọ́wọ́ mi, nítorí n kò mọ̀ pé yóò dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀. Ìyẹ́ kì í le bíi pẹ́ńsùlù. Tí o bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ, ilà á fẹ̀. Tí o bá gbé e sókè díẹ̀, ilà á tín-ín-rín bí irun. Ẹ̀kọ á máa tẹ̀lé e wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tó bá tán lẹ́nu ìyẹ́, ilà á já, ìwọ lo máa mọ ibi tí wàá ti so ó pọ̀. Kò sí rọ́bà tí a fi ń pa á rẹ́. Ibi tí mo bá sì kùn ni yóò funfun, ibi tí mo bá fi sílẹ̀ ni yóò dúdú. Lórí ìwé, òdìkejì ni. Ó di dandan kí n máa ro òfìfo kí n tó ro òpó. Alẹ́ mẹ́ta ni mo fi ya òpó mẹ́rin àti ṣíbí mẹ́ta.

Ẹni tó ta aró fún mi dì í sí ọ̀rá mẹ́ta: aró, sódà (kọ́sítíìkì), háídírò (kẹ́míkà tó ń mú kí aró yòrò). Ó ní omi tó hó ni kí n fi pò ó. Mo pò ó nínú bàsíà alúmíníọ́ọ̀mù, ó ń hó yàà, mo ti aṣọ bọ̀ ọ́. Kí n tó ka ogún, mo rí i tí ẹ̀kọ ń yọ̀ kúrò lára aṣọ, ó ń fà bí ewédú. Nígbà tí mo gbé e sókè, búlúù ni látòkè délẹ̀, àfi òjìji òpó kan ṣoṣo. Ó dùn mí gan-an. Alẹ́ mẹ́ta!

Mo ní kí n gbìyànjú àdìrẹ alábẹ́rẹ́, èyí tí a ń fi òwú rán, wò. Mo fi òwú funfun rán ilà róbótó-róbótó sára aṣọ tó kù, mo fà á súnkì, mo kó o, mo rẹ ẹ́. Aró mú un dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ́ tú u, òwú ti di búlúù, aṣọ ti di búlúù, n kò mọ èyí tó jẹ́ òwú mọ́. Bíléèdì mi gé aṣọ níbi mẹ́ta.

Ìbéèrè mi rèé. Kí ló yọ́ ẹ̀kọ mi? Báwo lẹ ṣe ń tú òwú láìgé aṣọ? Níwọ̀n bí mi ò ti ní ju alẹ́ àti Sátidé lọ, èwo ni kí n kọ́kọ́ mú nínú méjèèjì? Kì í ṣe pé mo fẹ́ tà á o. Mo kàn fẹ́ kí ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n ni.

OníFóòmù (Èkó)

Àǹtí mi, ẹ má dára yín láàmú. Ẹ gé fóòmù sí irú àwòrán tó wù yín, ẹ rì í bọ àbẹ́là tó ti yọ́ lórí iná, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ. Àbẹ́là kì í bá omi ṣe. Kí ẹ tó jẹun ọ̀sán tán, yáàdì márùn-ún ti parí. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe ń ṣe é níbí.

ỌmọAláró (Abẹ́òkúta)

Àrẹ̀dú o! Bí a ṣe ń kí aláró nìyẹn, Tíṣà, ẹ ti rẹ aṣọ, ẹ ti di ara wa.

Ìyá ìyá mi, aláró ni wọ́n ní Kẹ́mta títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ẹsẹ̀ wọn ni mo ti gbọ́n. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ẹ̀kọ yín kò ṣẹ̀, ọwọ́ yín kò sì ṣẹ̀. Omi gbígbóná ló ba iṣẹ́ yín jẹ́. Aró ìyá mi, tútù ni. Ewé ẹ̀lú ni wọ́n gún, wọ́n ṣù ú, wọ́n sá a gbẹ. Omi eérú tí wọ́n sẹ́ nínú ìkòkò onídìí lílu ni wọ́n fi rẹ ẹ́, yóò wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi kan, tí òórùn rẹ̀ á gba àdúgbò. Kò sí iná lábẹ́ ìkòkò aró. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀kọ fi lè wọ inú rẹ̀ kó tún jáde. Ẹni tó fi aṣọ ẹlẹ́kọ bọ omi tó hó ti tún ẹ̀kọ rẹ̀ sè nìyẹn.

Aró ọlọ́ràá mẹ́ta tí ẹ rà náà ṣeé lò. Ẹ fi omi gbígbóná pò ó bí wọ́n ṣe wí, ṣùgbọ́n kí ẹ bò ó, kí ẹ fi sílẹ̀ títí yóò fi tutù pátápátá. Sódà nìkan tó láti máa rọ ẹ̀kọ, ká tó sọ pé a fi ooru kún un. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí aṣọ pẹ́ nínú rẹ̀. Ẹ tì í bọ̀ ọ́, ẹ yọ ọ́, ẹ fi kọ́ okùn kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i. Tó bá jẹ́ aró búlúù tòótọ́ ni, àwọ̀ ewé ni yóò bá jáde, yóò sì máa di búlúù lójú yín. Mo ti dàgbà, mo ti rí i láìmọye ìgbà, mo ṣì máa ń dúró wò ó. Ẹ tún tì í bọ̀ ọ́. Lẹ́ẹ̀mẹ́rin, lẹ́ẹ̀márùn-ún, bí ẹ bá ṣe fẹ́ kó dú tó. Ẹ má fún un o! Ẹ jẹ́ kó máa ro fúnra rẹ̀.

Ẹ̀kọ ńkọ́? Ẹ jọ láfún dáadáa, ẹ fi álọ́ọ̀mù díẹ̀ sí i bí ẹ bá ń rò ó, tó bá tutù kí ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ, nítorí kókó kan péré tó láti dí ẹnu ìyẹ́ kí ilà yín já. Ojú kan aṣọ ni a ń kùn. Lẹ́yìn náà, ọjọ́ méjì gbáko nínú oòrùn. Ó gbọ́dọ̀ le kó máa ró kọ̀ǹkọ̀n tí ẹ bá fi èékánná kàn án. Ẹ má ṣẹ́ aṣọ náà po, torí bí ẹ̀kọ bá sán, aró á gba ojú sísán náà wọlé. Tí gbogbo rẹ̀ bá parí, ẹ jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó họ ẹ̀kọ náà kúrò.

Ọ̀rọ̀ bàsíà alúmíníọ́ọ̀mù yẹn ló dẹ́rù bà mí jù. Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dán an wò mọ́. Sódà máa ń jẹ alúmíníọ́ọ̀mù ni, híhó tí ẹ rí yẹn kì í ṣe ti ooru nìkan. Báàkẹ́tì oníke ni kí ẹ lò. Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ bù, kí ẹ wá máa da sódà sínú omi díẹ̀díẹ̀, ẹ kò gbọdọ̀ da omi lé sódà lórí. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ sì wà níta gbangba. Mo mọ ẹni tí ojú rẹ̀ kan lọ nídìí iṣẹ́ yìí.

N kò bá ẹni tó ń fi fóòmù tẹ aṣọ jà. Ọmọ mi méjì ló ń jẹun nídìí rẹ̀. Kódà láyé ìyá mi, àwọn ọkùnrin Abẹ́òkúta máa ń gé àwòrán sára páànù, wọ́n á fi ẹ̀kọ gba ojú rẹ̀ sórí aṣọ kó lè yá. Ṣùgbọ́n Tíṣà ní òun fẹ́ kí ọwọ́ òun mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá fi ìyẹ́ ya òpó ogún, kò ní sí méjì tó bára mu, ẹni tó bá sì mọ ọwọ́ wọn yóò dá a mọ̀ láàárín ọjà. Ìyá mi mọ aṣọ tí ọwọ́ òun yà lára ẹni tó ń kọjá lọ níta. Ìyẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, torí ẹ ti mọ àwòrán yà.

Télọ̀Òṣogbo

Àǹtí Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ̀yin ìyá wa ní Abẹ́òkúta náà, ẹ ṣeun mà, ẹnu yín kò ní gbófo.

Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ni tèmi. Èmi náà gé aṣọ oníbàárà mi rí, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo sì ra òmíràn san fún un. Ẹ má fi òwú kọ́tìn (cotton) rán an mà, torí bí aṣọ ṣe ń mu aró ni òun náà ń mu ún. Òwú pọliẹ́sítà tí àwa télọ̀ ń lò ni kí ẹ rà, kí ẹ yan pupa tàbí yẹ́lò, kí ẹ kó o po sí oníméjì kó lè yi. Aró kì í fi bẹ́ẹ̀ mú un, ẹ ó rí i kedere lórí búlúù. Tí ẹ bá rí ìko, fọ́nrán ewé ọ̀pẹ tí a fi ń hun nǹkan, ìyẹn tún dára jù. Ẹ rẹ ẹ́ sómi díẹ̀ kí ẹ tó lò ó kó má ṣẹ́, bó bá sì wọ inú aró tán, á wú, á tún há mọ́ aṣọ sí i.

Ojú abẹ́rẹ́ yín, ẹ má jẹ́ kó gùn ju hóró ìrẹsì lọ. Bí ẹ bá ti rán ilà kan, ẹ má tíì fà á. Ẹ rán gbogbo ilà tó wà lórí aṣọ náà tán, kí ẹ so kókó sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi òwú bí ìka ọwọ́ kan sílẹ̀ ní òpin. Nígbà náà ni kí ẹ wá máa fà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ fà á títí aṣọ á fi le bí okùn, tí ẹ̀yin fúnra yín á fi rò pé ó ti tó. Kí ẹ tún wá fà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ibi tó bá dẹ̀ ni aró máa gbà wọlé. Bí ẹ bá fẹ́ tú u, ẹ kò nílò bíléèdì láàárín rárá. Kókó ìdí nìkan ni kí ẹ gé, nínú òwú tí ẹ fi sílẹ̀ yẹn, kí ẹ wá fi ọwọ́ méjèèjì fa aṣọ náà gbooro. Òwú á yọ jáde fúnra rẹ̀. Aṣọ gbọ́dọ̀ ti gbẹ o.

Èmi yóò ní abẹ́rẹ́ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ mà. Ìyá ní ìyẹ́, mi ò jiyàn, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ ń fẹ́ tábìlì, ó ń fẹ́ oòrùn, ó ń fẹ́ kí ọmọ má fọwọ́ kàn án. Abẹ́rẹ́ kò fẹ́ nǹkan kan ju itan yín lọ. Kí iná má sí, ẹ ó rán an lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì. Ẹ má rò pé èyí kì í ṣe àwòrán o. Pẹ́ńsùlù ni abẹ́rẹ́ yẹn. Ibi tó bá gbà ni ilà funfun máa gbà.

Bí àyè bá yọ lọ́jọ́ kan, ẹ wá sí Òṣogbo. Ilé iṣẹ́ ọnà tí Màmá Nike Davies-Okundaye dá sílẹ̀ níbí ní 1983, ọ̀pọ̀ àwa tó ń ṣiṣẹ́ yìí ló ti gba ibẹ̀ kọjá. Ògìdì ní ìpínlẹ̀ Kogí ni wọ́n ti kọ́ ti àwọn, lọ́dọ̀ ìyá-ńlá wọn.

ỌmọYorùbáPeckham (Lọ́ńdọ̀nù)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ń ka gbogbo èyí, inú mi ń dùn. Láfún wà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa níbí, oòrùn ni kò sí. Ẹ̀kọ tèmi lo ọjọ́ márùn-ún lórí aṣọ láìgbẹ, ó wá hu funfun. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ amúlégbóná ni mo wá tẹ́ ẹ sí. Ó gbẹ, ṣùgbọ́n ó sán wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ìyá, ṣé ọ̀nà kan wà?

ỌmọAláró (Abẹ́òkúta)

Ọmọ mi, ó yá jù ni. Gbé e jìnnà sí ẹ̀rọ náà, fi fáànù fẹ́ ẹ. Ẹ̀kọ rẹ tún lè ki jù. Kùn ún kó fẹ́lẹ́.

TíṣàÌṣirò (Ìbàdàn)

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ kan pẹ̀lú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, mo ní kí n wá jábọ̀.

Mo ti fún ẹnìkan lára ará ilé mi ní bàsíà alúmíníọ́ọ̀mù náà kó máa fi gbin ewébẹ̀, mo ra báàkẹ́tì oníke onídèérí. Ìyá, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín gidigidi. Mo fọwọ́ kan ìdí bàsíà náà kí n tó gbé e sílẹ̀, ó ti rí págunpàgun.

Ẹ̀yìn iṣẹ́ ni mo ń mú abẹ́rẹ́ báyìí. Tí mo bá ti máàkì ìwé àwọn ọmọ tán, n ó nà sórí bẹ́ẹ̀dì, n ó fi òwú pupa rán ìlà méjì, mẹ́ta. Ìṣirò bá mi débẹ̀. Mo fi kọ́ńpáàsì ya òbìrí méje, ọ̀kan nínú èkejì, mo pín in sí igun mẹ́jọ. Télọ̀, mo fà á títí ó fi dun ọmọ ìka mi. Nígbà tí mo gé kókó, tí mo fa aṣọ gbooro, òwú pupa náà yọ́ jáde wẹ́rẹ́, ojú ihò abẹ́rẹ́ wá tò sí ẹ̀gbẹ́ ilà funfun kọ̀ọ̀kan bí ìràwọ̀. Mi ò ya àwọn ìràwọ̀ yẹn. Aṣọ ló fi wọ́n kún un. Mo gbé e lọ sí kíláàsì, mo fi kọ́ àwọn ọmọ SS1 ní òbìrí àti ìwọ̀n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin kan tí kì í nawọ́ sókè rárá ló bi mí pé, "Mà, ṣé ẹ lè kọ́ mi?" A bẹ̀rẹ̀ ní Wẹsidé tó kọjá, àwọn mẹ́rin ni wọ́n wá.

Sátidé ni ti ìyẹ́. Mo jọ láfún lẹ́ẹ̀mejì, mo sẹ́ ẹ pẹ̀lú gèlè àtijọ́ kan, mo fi píìnì kan aṣọ mọ́ tábìlì. Ìyẹ́ méjì ni mo ń lò, mo gé ọ̀kan kó tẹ́ẹ́rẹ́ fún ilà, mo fi ekeji sílẹ̀ fún kíkùn. Ọjọ́ méjì nínú oòrùn, mo kàn án, ó ró kọ̀ǹkọ̀n bí Ìyá ṣe wí. Aró tutù. Mo tì í bọ̀ ọ́, mo yọ ọ́, ó jáde bí ewé ẹ̀fọ́ tútù, mo ń wò ó, ó ń ṣú lọ, ó ń ṣú lọ. Gbogbo ará ilé jáde wá wò ó, títí dé ẹni tó ti ń bínú pé omi aró mi ń ba ojú kọ̀tá jẹ́.

Nígbà tó gbẹ, mo fi ẹ̀yìn ṣíbí họ ẹ̀kọ náà. Òpó àkọ́kọ́ yọ, ó funfun báláú, pẹ̀lú àtẹ̀gùn rẹ̀. Òpó kejì tẹ̀ díẹ̀ sí òsì, nítorí ibẹ̀ ni mo wà nígbà tí àbígbẹ̀yìn mi pè mí lórí fóònù, mo ń bá a sọ̀rọ̀, ọwọ́ mi ń lọ. Mo mọ̀ ọ́n. Ibikíbi tí mo bá ti rí aṣọ yẹn ni n ó ti dá a mọ̀.

Sátidé tó ń bọ̀, n ó gbé e lọ sí Màpó kí n lè fi han ìyá onímọ́ínmọ́ín náà, bí mo bá bá wọn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìko ni mo ń wá báyìí, mo ti bèèrè ní Dùgbẹ̀ àti Ọjà Ọba, wọn kò ní in. Ìyá, tí mo bá wá sí ọjà Ìtọ́kú ní Abẹ́òkúta yín, ọ̀dọ̀ àwọn aláṣọ ni kí n ti bèèrè ni, àbí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ẹní?